Ààwẹ̀ Nùrẹ́nì

Mọ́ńdè, ọjọ́ 9, oṣù Kejì

Mo lọ mú Nùrẹ́nì ní ọsibítù lónìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Nọ́ọ̀sì Victoria sìn wá dé ẹnu géètì, ó ní kí n ra ìwé kan, kí n máa kọ oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀kan láàárọ̀, méjì lálẹ́, kí n sì dúró tì í títí yóò fi gbé e mì. Ó ní kó máa mu omi dáadáa, kó má sì febi pa ara rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Ìwé tí mo rà nípọn ju ohun tí nọ́ọ̀sì fẹ́ lọ. Iwájú ni màá kọ tirẹ̀ sí. Ẹ̀yìn níbí di tèmi.

Ọ̀yọ́ ló yẹ kí n mú àbúrò mi lọ, sí agboolé wa nídìí ọjà Akẹ̀sán, lọ́dọ̀ Màámi. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa tó di olórí ilé báyìí, ti ránṣẹ́ pé àwọn ọmọdé ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó wá di Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá èèyàn lọ ata, nítòsí Ọjà Igbó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ṣùgbọ́n nínú mọ́tò ó di ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí mo ń mú un lọ sí ilé kéwú. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Wọ́n ní oògùn ló fà á, pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe.

Àlàrùba, 11

Ó sùn wákàtí mẹ́rìnlá. Ó jẹ ẹ̀kọ méjì. Ó béèrè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Jímọ̀, 13

Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà jáde lábẹ́ tapólì, mo nù ún, mo fi òróró sí i, mo gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata mi. Kí àìsàn yìí tó dé, àwọn obìnrin ń wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá fún télọ̀ yìí láṣọ. Lónìí, òwú kò gba ojú abẹ́rẹ́ fún un. Òwú ń lọ sọ́tùn-ún, ọwọ́ ń lọ sósì. Mo gbà á, mo bá a fi í. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi,” bí ẹni tí mo fún ní ilé. Mo lọ tan ẹ̀rọ ata láìsí ata nínú rẹ̀, kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹkún mi.

Ó lọ kí Jímọ̀. Mo ń wò ó láti ìhà tiwa obìnrin. Mọ́sáláṣí kún dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀tún rẹ̀ ṣófo, òsì rẹ̀ ṣófo. Alfa Mubaraq kọjú sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ sún mọ́ra o, ẹ má fi àyè sílẹ̀ láàárín yín, èṣù ló ń dúró síbẹ̀.” Wọn ò sún. Àbúrò mi ló ń sún, ó sún sọ́tùn-ún, ẹni tó wà níbẹ̀ náà sún síwájú. Inú bí mi débi pé n kò mọ ohun tí mo kà nínú ìrun náà.

Àtàláátà, 17

Oòrùn ń jó orí páànù. Kò tíì sí ẹni tó mú aṣọ wá fún un. Aṣọ ọdún Ìtúnu ni gbogbo télọ̀ ìlú yìí ń rán, wọ́n ti ń sọ fún oníbàárà pé àwọn ò gbà mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí gbé wáàsí Alfa Mubaraq dé ọ̀dọ̀ wa. Lórí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ó ní, “Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ààwẹ̀ di dandan fún. Aláìsàn ńkọ́? Kó má gbà á, tára ẹ̀ bá yá, á san án padà. Ẹni tó wà lórí ìrìnàjò ńkọ́? Á san án. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù? Á san án. Wèrè ńkọ́? Wèrè ò ní gbà á, kò sì ní san án! Wọ́n ti gbé kálámù kúrò lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún un, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú.”

Ẹsẹ̀ Nùrẹ́nì dúró lórí ẹ̀rọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, nínú àwọn tí Alfa kà yẹn, èwo ni èmi?”

“Aláìsàn ni ọ́.”

“Tí mi ò bá gbààwẹ̀, èwo ni àwọn ará àdúgbò máa ní mo jẹ́?”

Ta ni yóò dúró gbọ́ àlàyé lẹ́nu ọ̀nà tèmi?

“Màá gbà á,” ni ó wí.

Mo sọ ti nọ́ọ̀sì fún un. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kí n má purọ́ fún ìwé tí mo fọwọ́ ara mi rà: èmi náà fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ ìyá mi pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ lọ́sàn-án gangan, kí ojú tì wọ́n.

Àlàrùba, 18

Ààwẹ̀ ọjọ́ kìíní. Mo gbé oògùn àárọ̀ lọ sí sàárì, mo gbé ti alẹ́ lọ sẹ́yìn ìṣínu. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé méjèèjì mì lójú mi.

Zulaikha, tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, wá lọ ẹ̀wà àkàrà. Mo bu omi fún Nùrẹ́nì kó fi ṣan ọwọ́, Zulaikha rò pé mímu ni. Nùrẹ́nì ní, “Mo ń gbààwẹ̀ mà.” Zulaikha wò ó láti òkè délẹ̀. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti padà wá pẹ̀lú léèsì ọ̀pá márùn-ún. Ó ní, “Alihamudulilai, Ìyá Ẹlẹ́rọ. Àbúrò yín ti dèèyàn padà.”

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kí ló wà tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́?

Sọ́ńdè, 22

Aṣọ ti di mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ Zulaikha ló gbé e rìn. Epo bẹntiró ti fi àádọ́ta náírà gùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ní láti fi díẹ̀ kún owó ata, wọ́n bú mi, wọ́n san án. Láràárọ̀, kí n tó tan ẹ̀rọ, mo ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ mẹ́wàá fún un, mo ń gún wọn mọ́ kanfáàsì tó fi bo tábìlì. Ọrùn bùbá kan wọ́. Ẹni tó ni ín bínú. Nùrẹ́nì tú u, ó tún un rán, ó tún wọ́.

Àlàrùba, 25

Kò jí fún sàárì lánàá, kò jí lónìí. Mo pè é, mo gbọ̀n ọ́n, mo wọ́n omi sí i lójú, oògùn alẹ́ kò jẹ́ kó gbọ́. Oúnjẹ fò ó, oògùn àárọ̀ fò ó, ó sì gba ààwẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ètè rẹ̀ là. Mo ní kó ṣínu. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.” Bí ọmọdé ló ṣe sọ ọ́.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 1, oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe rí. Mo jí láti dáná sàárì, ó ti jí ṣáájú mi, ó ti ṣe àlùwàlá, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo na ọwọ́ sí abẹ́rẹ́, ó ní kí n fi sílẹ̀. Ó fi ètè rin òwú, ó sì fi í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun ata gbígbẹ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo dúpẹ́. Mo pe Màámi ní Ọ̀yọ́. Màámi kígbe débi tí Bàbá Kékeré fi gba fóònù lọ́wọ́ wọn, tó ní kí n kí Nùrẹ́nì. Bàbá Kékeré ló ní kí n kí i o! Aṣọ ti di mẹ́rìndínlógún.

Àlàrùba, 4

Nọ́ọ̀sì Victoria pè. Mo sọ fún un pé ọwọ́ kò gbọ̀n mọ́, mo rò pé yóò bá mi yọ̀. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn.

“Ìyá wa, ẹ ń rí i nígbà tó ń gbé oògùn mì?”

“Mo ń rí i tó ń jù ú sẹ́nu.”

“Ẹ ní kó la ẹnu. Ẹ wo abẹ́ ahọ́n. Ṣé ó ń gbààwẹ̀?”

Mo ní rárá.

N kò mọ ibi tí irọ́ náà ti wá. Àgbàlagbà, obìnrin tó ti lọ Mẹ́kà nínú àdúrà ní ìgbà àìmọye, nínú ààwẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Mo pa fóònù, mo jókòó. N kò ní kó la ẹnu. Ẹ̀rù ohun tí màá rí ló bà mí.

Sátidé, 7

Ó ń gbé oúnjẹ ìṣínu rẹ̀ fún àwọn tó ń kọjá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí aṣọ. Ó ń pẹ́ nínú ìrun débi tí ẹni tó bá a bẹ̀rẹ̀ á ti délé, á ti jẹun tán.

Mo wá òwú dúdú nínú agolo tó ń kó kẹ̀kẹ́ òwú sí, mo sì bá wọn nísàlẹ̀, oògùn alẹ́, méjì-méjì, wọ́n ti wú, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Mo gbé agolo náà síwájú rẹ̀. Kò jiyàn.

“Tí mo bá lò ó, mi ò ní jí. Tí mi ò bá jí, màá sọ ààwẹ̀ nù. Tí mo bá sọ ọ́ nù, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa pè mí. Ọjọ́ méjìlá ló kù, ẹ̀gbọ́n. Ní ọjọ́ Ìtúnu, màá lò ó lójú gbogbo ayé.”

“Nùrẹ́nì, nọ́ọ̀sì…”

“Ṣé ẹ ti rí ọwọ́ mi?” Ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí mi. Wọn kò gbọ̀n.

Ó yẹ kí n wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Aṣọ mẹ́tàlélógún wà nílẹ̀. Mo ní kí ó di Mọ́ńdè.

Sọ́ńdè, 8

Mo ṣe nǹkan kan tí n kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kó oògùn náà, mo fi ọmọ ọlọ lọ̀ ọ́ kúnná, mo pò ó mọ́ ògì ìṣínu rẹ̀, mo fi ṣúgà púpọ̀ sí i. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù láyé nìyẹn, kí n lọ nǹkan kí ó kúnná. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé abọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wò mí.

“Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi?”

Omi kànga nìkan ló fi ṣínu. Láti ọwọ́ mi, kò tún jẹ nǹkan kan mọ́.

Àtàláátà, 10

Kò bá mi lọ sí ọsibítù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà. Kò sùn. N kò sùn.

Jímọ̀, 13

Láti àná ló ti ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́ra pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn tó ni aṣọ ń wá láràárọ̀ yìí, ó ń fi ohùn dáadáa dá wọn lóhùn láti inú ilé pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni, pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Mo gbà á gbọ́. Mo fẹ́ gbà á gbọ́ ni.

Ó jáde pẹ̀lú ẹrù ńlá lórí, ó wọ funfun, ó wẹ̀ mọ́. Mo tẹ̀ lé e. Ní àgbàlá mọ́sáláṣí, kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹrù náà sọ̀, ó sì ń tẹ́ ẹ, ó ń tẹ́ ẹ, kò tán. Aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún ni. Ó ti rán gbogbo wọn pọ̀, etí mọ́ etí: léèsì Zulaikha mọ́ àǹkárá, àǹkárá mọ́ àdìrẹ ẹnìkan, ó di aṣọ kan ṣoṣo tó gba àgbàlá já.

“Ẹ bọ́ sórí ẹ̀, gbogbo wa. Kò sí àyè láàárín mọ́. Mo ti rán an pa. Èṣù ò ríbi dúró sí mọ́.”

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n wá lóòótọ́. Ẹni àkọ́kọ́ gbá a létí. N kò mọ iye ọwọ́ tó tẹ̀ lé e. Alfa Mubaraq ló na ara rẹ̀ lé e lórí tí wọ́n fi dáwọ́ dúró, wọ́n sì ya jálámíà rẹ̀. Zulaikha ń ké, “Mo ti mọ̀! Wèrè tí a wò sàn, ti ìdẹ́rùbọmọdé kì í tán lára rẹ̀!” Òun ló ní ó ti dèèyàn padà.

Wọ́n fi àjákù kan tó ya lára léèsì náà dè é lọ́wọ́ nínú mọ́tò títí a fi dé ọsibítù. Ó ń bi mí lójú ọ̀nà bóyá ìrun ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, tí wọ́n fún un lómi. Ààwẹ̀ ọjọ́ kẹrìnlélógún ló já.

Mo padà wá kó aṣọ náà nílẹ̀. Mo yẹ rírán rẹ̀ wò. Ó gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí Nùrẹ́nì ti ránṣọ tó gún báyẹn kẹ́yìn.

Sọ́ńdè, 15

Mo lọ sọ fún Màámi ní Ọ̀yọ́. Wọn kò sunkún. Wọ́n ní, “Ṣé ó jẹun kó tó jáde?” N kò lè sọ ti ògì náà. Bàbá Kékeré ní kí ẹnikẹ́ni má mú un wá sí agboolé yìí mọ́ nígbà tí òun bá ṣì wà láyé, pé kí ó máa gbé ibi tó wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ló wà níbẹ̀. Màámi kò bá a jiyàn. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n fi fìlà ọdún tí wọ́n rà fún un lé mi lọ́wọ́, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Jímọ̀, 20

Ìtúnu. Oṣù pé ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́dún yìí. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ láàárọ̀, ó pa àwọn tó ń ti Yídì bọ̀. Aṣọ èṣí ni púpọ̀ nínú wọn wọ̀. Wọn kò wo ṣọ́ọ̀bù mi. Mo jókòó pẹ̀lú bíléèdì, mo ń tú rírán àbúrò mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè dá ti kálukú padà. Ọjọ́ kẹfà rèé tí mo ti ń tú u, ó ku aṣọ mẹ́rin.

Alfa Mubaraq yà kí mi. Àpá ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Mo bi í nípa ọjọ́ méje tí Nùrẹ́nì kò gbà.

“Ẹ má da ara yín láàmú, Ìyá Ẹlẹ́rọ. Kò ní san án. Wọ́n ti gbé kálámù kúrò lórí ẹ̀. Àánú Ọlọ́run ni.”

Ìtùnú ló kà á sí. Mo mọ̀ pé èèyàn dáadáa ni, ó gba ẹ̀ṣẹ́ nítorí wa. Mo ní ẹ ṣeun. Lẹ́yìn tó lọ, n kò rí ojú rírán mọ́.

Àtàláátà, 24

Mo lọ wò ó. Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún Nọ́ọ̀sì Victoria: ààwẹ̀, irọ́, agolo, ògì. Kò bú mi, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, “Ìyá wa, gbogbo ìgbà tó bá padà wá síbí, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ máa ń jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Mo bi í bóyá yóò tún ránṣọ. Ó ní kí a kọ́kọ́ rí i kó jókòó dáadáa.

Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò. Itọ́ ń já lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ọwọ́ náà ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fi fìlà Màámi dé e lórí. Ó tóbi. Ó ti rù. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé èmi ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ṣe Ìtúnu?”

“Wọ́n ti ṣe é.”

Ó ń wá ọ̀rọ̀.

“Ọjọ́ mélòó ni mo máa san?”

Ohùn Alfa dé etí mi, mo sì rí i lójú Nùrẹ́nì pé òun náà rántí wáàsí yẹn, pé ohun tó ń bi mí gan-an nìyẹn. Kò wò mí. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dúró de ìdáhùn.

“Méje,” ni mo wí. “Èmi náà ní márùn-ún, ti obìnrin. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ní ara rẹ ti le, a ó jọ san án.”

“Méje.” Ó gbìyànjú láti kà á lórí ìka, àwọn ìka náà kò dúró fún un, mo bá a dì wọ́n mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Kò pọ̀jù.” Lẹ́yìn náà ó sùn lọ lórí ìjókòó.

N kò rò pé yóò san án láé. N kò mọ ilé tí màá mú un lọ, n kò sì rí ẹni tó máa tún gbé aṣọ fún un. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò tó ń gbé mi bọ̀, mo ṣí iwájú ìwé yìí, níbi tí mo ń kọ oorun àti oògùn sí, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: Nùrẹ́nì, ààwẹ̀ ọjọ́ méje, yóò san án.